Bàbá Wú, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Rù: Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ àti Àìsàn Ọkàn

Nínú ẹ̀dà tó kọjá, a kọ nípa ìkùnà ọkàn, àìsàn tí ọkàn kò fi lágbára mọ́ láti fún ẹ̀jẹ̀ ká ara bó ṣe yẹ. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e kò kéré, oúnjẹ sì ni ọ̀pọ̀ yín béèrè. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Àwọn dókítà ọkàn àti onímọ̀ oúnjẹ wa ló jọ dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi, ẹni ọdún 64, ti ní ìkùnà ọkàn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ẹsẹ̀ wọn wú, ikùn wọn náà ga, ṣùgbọ́n apá wọn ti gbẹ, eegun ọrùn ti yọ síta. Kílò 68 ni wọ́n wọ̀n lọ́dún tó kọjá, kílò 68 náà ni lónìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní bí kílò ò bá ti dín, kò séwu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ọmọ wọn obìnrin, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Apá tí ẹ rí yẹn ló ń sọ òótọ́, òṣùwọ̀n ló ń tàn yín.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí omi lítà 6 bá ti rọ́ sí ẹsẹ̀ àti ikùn bàbá, tí kílò 6 ẹran ara sì ti lọ láàárín àkókò kan náà, kílò 68 náà ni òṣùwọ̀n yóò máa kà. Ọjọ́ tí oògùn tó ń mú ni tọ̀ bá fa omi náà jáde ni ará ilé máa ń figbe ta pé oògùn ọsibítù ló sọ bàbá di egungun. Oògùn kọ́. Rírù náà ti wà lábẹ́ omi tipẹ́.

Òdiwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò nìyí: bí aláìsàn ọkàn bá pàdánù ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, tí kò gbèrò rẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ omi kúrò nínú ìṣirò, ó ti bọ́ sínú rírù tí wọ́n ń pè ní cachexia. Fún ẹni kílò 68, ìdá 5 yẹn kò ju kílò 3.4 lọ. Ẹ ò rí i pé kò pọ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní 1997, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù: láàárín oṣù 18, ìdajì àwọn aláìsàn ìkùnà ọkàn tí wọ́n ti rù ló kú, nínú àwọn tí kò rù, 17 nínú 100 ni. Oògùn òde òní dára ju ti ìgbà náà lọ, nítorí náà ẹ má fi iye yẹn ka ọjọ́ fún bàbá. Ṣùgbọ́n ibi tó ń tọ́ka sí kò tíì yí padà. Bí ọkàn ẹni méjì bá jọ ń ṣàìsàn bákan náà, ẹni tí oúnjẹ kò gbé ara rẹ̀ ró ni ọsibítù máa ń tètè gbà padà. Ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná, òtútù àyà a sì máa rí i mú. Àwọn iṣan tó ń fa èémí wọlé náà ń joro bí ti apá, kódà nígbà tí omi bá ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè máa ní òun ò lè mí délẹ̀.

Kí ló ń jẹ ẹran ara náà? Omi tó wú ẹsẹ̀ wú ògiri ìfun àti ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Òkèlè mẹ́ta péré, ikùn á ti kún. Èyí tí wọ́n sì jẹ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán. Ara tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn tún máa ń wà nínú ìjà tọ̀sán-tòru: àwọn èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń pa ebi, wọ́n sì ń fọ́ ẹran ara. Èémí líle náà ń jẹ agbára, kódà lórí ìjókòó. Ẹ wá fi ti ilé kún un: wọ́n ti ní kí bàbá má jẹ iyọ̀, kí wọ́n má jẹ ọ̀rá, ẹran ńkọ́, rárá, ẹyin ńkọ́, èèwọ̀, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ló kù. Nínú gbogbo ohun tí a kà yìí, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni ẹ lè tún ṣe kó tó di alẹ́ òní.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe nílé nìyí. Ẹ wọn bàbá láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Omi ni òṣùwọ̀n wà fún: bí ó bá fi kílò 2 lọ sókè láàárín ọjọ́ 3, omi ló ti dé, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹran ara ní tirẹ̀, téèpù tẹ́lọ̀ ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ mú apá òsì, ẹ wá agbedeméjì ṣóńṣó èjìká àti ìgúnpá, kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí téèpù kàn án láìfún un. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó, ojú kan náà ni kí ẹ sì máa wọ̀n. Àgbàlagbà tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kó ti rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má wọn ẹsẹ̀, wíwú á tún tàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kí wọ́n jókòó padà, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó bá gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ẹsẹ̀ ti ń lọ. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n o, kí wọ́n má baà ṣubú.

Ẹ mú àkọsílẹ̀ náà lọ sí klíníìkì. Bí wọ́n bá sọ pé albumin, purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀ lára wọn, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni wọn ó fi ṣèdájọ́. Omi, ẹ̀dọ̀ tó wú àti ìjà inú ara lè fà á wálẹ̀ fún ẹni tó ń jẹun dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Omi ti fà lára ọkọ mi, kílò 60 ni wọ́n kù sí. Dókítà ní kí wọ́n máa "jẹ oúnjẹ aṣaralóore". Kí ni ìyẹn? Ẹ bá mi sọ iye àti bí mo ṣe máa sè é. Ẹnu wọn ò gba oúnjẹ púpọ̀. (Ìyàwó ilé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ pé làálàá yín kò ní já sí asán. Ní Sípéènì, wọ́n mú aláìsàn 120 tí ìkùnà ọkàn gbé dé ọsibítù, tí àìjẹunrekánú sì ti hàn lára wọn. Wọ́n fún apá kan ní ètò oúnjẹ tó bá oníkálukú mu fún oṣù 6, pẹ̀lú àfikún níbi tó bá yẹ. Apá kejì gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Nígbà tí ọdún yípo, 27 nínú 100 nínú àwọn tó gba ètò oúnjẹ ló ti kú tàbí tí ìkùnà ọkàn dá padà sí ọsibítù. Ní apá kejì, 61 nínú 100 ni. Ìwádìí kékeré ni, lóòótọ́, ó jáde ní 2016. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní Switzerland pẹ̀lú aláìsàn ìkùnà ọkàn 645, tó jáde ní 2021, bá a lọ: láàárín ọjọ́ 30, ikú jẹ́ bíi 8 nínú 100 fún àwọn tí wọ́n ṣètò oúnjẹ fún, ó sì jẹ́ bíi 15 fún àwọn yòókù. Oògùn díẹ̀ ló lè fọwọ́ sọ̀yà báyìí.

Ó kan purotéènì. Ẹni tí ìkùnà ọkàn ń bá jà yẹ kó jẹ, ó kéré tán, gíráàmù 1.1 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Kílò 60 nígbà 1.1, gíráàmù 66 nìyẹn. Bí kíndìnrín ọkọ yín kò bá pé, ẹ bi dókítà wọn kí ẹ tó tẹ̀lé iye yìí.

Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, nítorí ikùn tí omi há mọ́ kò lè gba àwo ńlá. Bí ọjọ́ kan ṣe lè lọ nìyí. Ní òwúrọ̀, tí ebi máa ń pa aláìsàn jù, ògì abọ́ kékeré kan, ṣíbí ìjẹun méjì ìyẹ̀fun sóyà tí ẹ ti pò mọ́ ọn kó tó hó (gíráàmù 5), ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì oníyẹ̀fun (gíráàmù 4), àti ẹyin sísè kan (gíráàmù 6). Ní bí aago mẹ́wàá, mọ́ínmọ́ín kan tó mọ níwọ̀n (bíi gíráàmù 10). Ní ọ̀sán, àmàlà kékeré pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja tó tó gíráàmù 100 lẹ́yìn tó jinná, ìyẹn bí àtẹ́lẹwọ́ láìsí ìka (gíráàmù 20). Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan tí kò níyọ̀ (gíráàmù 7). Ní alẹ́, ife ẹ̀wà sísè kan (gíráàmù 13). Ẹ ti dé 65. Ìwọ̀nba tó wà nínú ògì, àmàlà àti ẹ̀fọ́ yóò parí ìyókù.

Pọ̀nmọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, a sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí i. Purotéènì inú awọ kò pé: ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń mọ ẹran kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ lè fi ṣe adùn ọbẹ̀, kó má rọ́pò ẹja. Ẹni tí owó ẹja ṣòro fún, ẹ̀wà, sóyà àti ẹyin ni kó gbájú mọ́. Ẹja kékeré tí wọ́n yan gbẹ láìfi iyọ̀ sí náà dára.

Purotéènì nìkan kò tó. Bí agbára oúnjẹ kò bá tó, ara á sun purotéènì náà bí igi ìdáná. Ṣíbí ìjẹun òróró kan ní kílókálórì bíi 120, kò sì gba àyè nínú ikùn. Ẹ fi ṣíbí kan kún mọ́ínmọ́ín, ẹ ta díẹ̀ sórí ẹ̀wà. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà ni kí ẹ fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Epo pupa kò di èèwọ̀, ìwọ̀n ni kó ní. Fún ẹni tó ti ń rù, "má jẹ ọ̀rá rárá" jẹ́ ìmọ̀ràn tó ń pa ni lára.

Kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí wọ́n tó jẹun. Kí wọ́n jókòó nàró, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ má fún wọn ní ife omi ṣáájú oúnjẹ, omi á gba àyè ọbẹ̀. Bí eyín bá ti ń mì, ẹ gún ẹja sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí dókítà bá gbà, kí wọ́n máa dìde lórí àga kí wọ́n máa jókòó padà ní ìgbà 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ara kò bá ṣiṣẹ́ kankan, ẹran tí ẹ ń wá kò ní tètè wá, ọ̀rá ló máa ṣíwájú.

Ìkìlọ̀ kan wà. Bí aláìsàn kò bá ti jẹ nǹkan gidi fún ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi oúnjẹ púpọ̀ bò ó lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ṣúgà bá ya wọlé lójijì, potásíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti fítámì B1 inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ọkàn sì lè dàrú. Furosemide tí wọ́n ń lò láti tọ̀ náà ń tọ́ fítámì B1 dànù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni kó ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, kí wọ́n fún un ní B1 ṣáájú, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa fi oúnjẹ kún un díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́.

ÌBÉÈRÈ: A ti yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ ìyá wa pátápátá, mágí nìkan la ń lò, àti káún díẹ̀ nínú ewédú. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham tún fi iyọ̀ kan ránṣẹ́ tí wọ́n ní kò ní sódíọ̀mù púpọ̀. Àmọ́ ìyá kì í jẹun mọ́, wọ́n ní kò dùn. (Àbúrò, Èkó)

ÌDÁHÙN: Ẹ ò tíì yọ iyọ̀. Ibi tó ń gbà wọlé lẹ yí padà. Bí ìdajì kúùbù mágí, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Kúùbù mẹ́ta nínú ìkòkò ọbẹ̀ ti gbé iye tó pọ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan agolo iyọ̀. Káún tí wọ́n ń pè ní pótáàṣì náà, sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń dá omi dúró sára, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Zaria, láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àwọn abiyamọ tí ìkùnà ọkàn ń mú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi káún sí wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò ní Kano láìpẹ́ yìí kò rí i pé àṣà náà ló fà á, àìtó èròjà selenium ni wọ́n rí. Bó ti wù kó rí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára kò nílò káún. Ewédú tí ẹ fi ìjábẹ̀ jà dáadáa á yọ̀. Ẹ̀wà tí ẹ bá rẹ mọ́jú, tí ẹ da omi rẹ̀ nù, á jinná.

Iyọ̀ tó ti òkè òkun wá ló bà wá lẹ́rù jù. Potásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ̀mù inú rẹ̀. Bí ìyá bá ń lo spironolactone, lisinopril tàbí oògùn tó jọ wọ́n, tàbí tí kíndìnrín wọn kò pé, potásíọ̀mù lè ga débi tí ọkàn á fi dúró, láìfi àmì kankan hàn ṣáájú. Ẹ gbé e kúrò ní kíṣìnnì títí dókítà yóò fi rí èsì potásíọ̀mù wọn.

Ní ti adùn, a fẹ́ kí ẹ rọra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, kò kún ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú búrẹ́dì, mágí àti núdùsì. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ìkùnà ọkàn, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022 gbìyànjú láti fa sódíọ̀mù aláìsàn 806 wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mílígíráàmù 1500, tí kò tó gíráàmù 4 iyọ̀. Ikú àti lílọ sí ọsibítù kò dín kù lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tu àwọn kan díẹ̀. Ìdájọ́ tiwa ni pé ìyá tó jẹ àwo ọbẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀ tán sàn ju ìyá tó ti àwo ọbẹ̀ aláìníyọ̀ sẹ́yìn. Ẹ wọn ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sọ́tọ̀ láràárọ̀ fún oúnjẹ ìyá nìkan. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun ni kí ẹ bu ín sí i, kì í ṣe nígbà tí ẹ ń sè é: ahọ́n tètè ń mọ iyọ̀ tó wà lójú oúnjẹ. Ata, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, efinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́ á gbé ìyókù. Irú náà dára, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i. Bó bá fi sí i, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì.

ÌBÉÈRÈ: Kílò 112 ni mí, mo ní ìkùnà ọkàn. Ọ̀rẹ́ mi kà á pé àwọn tó sanra ló ń pẹ́ láyé jù nínú àwọn aláìsàn ọkàn. Ṣé kí n má dín ara kù mọ́? (Oníṣòwò, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí ń fi hàn pé aláìsàn ìkùnà ọkàn tó sanra díẹ̀ ń pẹ́ ju ẹni tó tín-ín-rín lọ. Apá kan ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó tín-ín-rín ti ń rù, bí bàbá Abẹ́òkúta lókè yìí. Ní 2023, wọ́n tún àkọsílẹ̀ aláìsàn tó ju 8,000 lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fi gíga ènìyàn pín ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n sì ro bí àìsàn oníkálukú ṣe le tó mọ́ ọn, àǹfààní sísanra pòórá. Àwọn tí ọ̀rá ikùn wọn pọ̀ ló tún ń lọ sí ọsibítù jù.

Nítorí náà, ẹ dín in kù, ṣùgbọ́n kí dókítà yín mọ̀ sí i. Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí yín: kó má ju ìdajì gíga yín lọ ni ẹ ń lé. Ẹ gé ọtí ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì àti òkèlè kù, kí ẹ má fọwọ́ kan ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin. Ẹni tó sanra náà lè ní àìjẹunrekánú: ikùn ńlá, itan tí kò lágbára. Bí ẹ bá ń fọn láìṣe nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn fún mi, mo sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. (Olùkọ́, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ ẹ́. Fítámì K inú ẹ̀fọ́ ló ń bá warfarin jà, bí iye rẹ̀ bá sì ń lọ sókè sódò ni INR yín (àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) á máa fò. Bó bá jẹ́ abọ́ ẹ̀fọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ ń jẹ, kó rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ gbogbo. Ewu wà nínú kí ẹ má jẹ ẹ fún oṣù kan, kí ẹ wá lọ síbi ìnáwó, kí ẹ jẹ ẹ̀fọ́ rírò fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un tàbí dín in kù, ẹ sọ fún klíníìkì kí wọ́n lè tún INR yẹ̀ wò. Ẹni tí àìsàn mú débi tí kò jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan gbọ́dọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò náà, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dì bó ṣe yẹ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ó máa ń rẹ ìyá mi ṣáá. Kẹ́mísì fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, wọ́n ti lo ìgò mẹ́rin, kò sí ìyàtọ̀. Ìkùnà ọkàn ni wọ́n ń tọ́jú. (Ọmọ, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ dúró ná. Àìtó irin wọ́pọ̀ gan-an nínú ìkùnà ọkàn, ó sì lè mú kó rẹ ènìyàn kódà bí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara) kò bá kéré. Àyẹ̀wò tó ń fi í hàn ni ferritin (irin tí ara tọ́jú pamọ́) àti transferrin saturation (irin tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri), kì í ṣe PCV nìkan. Nínú ìkùnà ọkàn, ferritin tí kò tó 100, tàbí tó wà láàárín 100 sí 299 ṣùgbọ́n tí saturation kò tó ìdá 20 nínú 100, ni wọ́n ń kà sí àìtó irin.

Èyí tí a ń gbé mì kì í sábà ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 fún aláìsàn ní irin mímu fún ọ̀sẹ̀ 16, agbára wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mu ún. Ìfun tó wú àti ìjà inú ara ni kì í jẹ́ kó wọlé. Irin tí wọ́n ń fa sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọsibítù sì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó ná an. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), má ṣe mu oògùn irin láìṣàyẹ̀wò, irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi fẹ́ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 21 pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Oògùn ọkàn mẹ́rin ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti rù. (Ìyàwó ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Kí wọ́n má gbà á. Ẹni tó ti rù kò ní ohun tí yóò fi san gbèsè ọjọ́ 21. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ pẹ̀lú àìmu omi á fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, á sì gún kíndìnrín lójú. Ẹ bá pásítọ̀ wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kí wọ́n fi àdúrà àti ọrẹ rọ́pò rẹ̀. Ti Mùsùlùmí tilẹ̀ rọrùn: Kùránì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìbéèrè méjì. Omi mélòó ni kí bàbá àgbà máa mu? Èkejì, láti ọ̀sẹ̀ méjì ni oúnjẹ ti ń rùn sí wọn, èébì ń gbé wọn, wọ́n sì ní àwọn ń rí nǹkan bí àwọ̀ yẹ́lò. Ṣé ọgbẹ́ inú ni? (Ọmọ ọmọ, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn wá síwájú, torí èkejì ni kò lè dúró. Bí digoxin bá wà lára oògùn wọn, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn dání. Èébì, oúnjẹ tó ń rùn síni àti ojú tó ń rí àwọ̀ yẹ́lò ni àmì pé digoxin ti pọ̀ jù lára. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí kíndìnrín bá rẹ̀ tàbí bí furosemide bá fa potásíọ̀mù wálẹ̀. Aláìsàn tó ti rù náà kò ní ẹran ara tí oògùn yóò pín sí, nítorí náà iye tó bá a mu lọ́dún tó kọjá lè pọ̀ jù fún un lónìí. Ẹ má fún wọn ní ìwọ̀n tó kàn kí ẹ tó débẹ̀. Àgbo fún ọgbẹ́ inú kọ́, diclofenac tàbí ibuprofen náà kọ́. Àwọn méjèèjì yẹn ń dá omi dúró sára, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ti omi, bí ara wọn bá ti dúró, tí wọn kò wú, lítà 1.5 sí 2 lójúmọ́ tó, ìyẹn pọ́ọ̀ wọ́tà sẹ́ńtílítà 50 mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú ògì, tíì àti omi ọbẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹ má fi òùngbẹ pa wọ́n nítorí omi: ní Netherlands, ìwádìí kan tó jáde ní 2025 fi aláìsàn tí ara wọn ti dúró wéra, àwọn tí wọ́n fi sí lítà 1.5 kò sàn ju àwọn tó mu bó ṣe wù wọ́n lọ, òùngbẹ ni wọ́n fi jù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá tún wú, tàbí tí sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀, dókítà ló máa sọ iye tuntun. Bí wọ́n bá padà dé láti ọsibítù, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, kí ẹ sì kọ iye digoxin tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.